Òróòro àgbò bẹ́ sára ẹran, ti màmá wa sì kún fún òkúta: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìtòrò

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀rọ̀ ẹran ni mo bá wá, àmọ́ kì í ṣe ẹran nìkan.

Lọ́jọ́ Iléyà, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àbúrò mi ọkùnrin gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alápatà, ó ní òun náà ti tó ẹni tí í kun ẹran. Ó ń ṣe é dáadáa títí ó fi dé ìdí ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí àpò kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀, ló bá fà á bí ẹni ń já ata lóko. Àpò bẹ́. Omi aláwọ̀ ewé dà sára ẹ̀dọ̀, ó ṣàn dé ibi tí a kó ìhà sí. Gbogbo ilé pariwo lé e lórí.

Màmá wa nìkan ni kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Tèmi tó wà nínú mi níbí, òkúta ló kún inú ẹ̀.”

Bí a ṣe gbọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún ni wọ́n ti lọ ṣe síkáànù, wọ́n ká èsì rẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ aṣọ, torí pé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọn ti dá aṣọ fún Ojúde Ọba, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n lọ lọ́jọ́ kẹta náà. Ta ló máa dá wọn dúró?

Ọdún méjì ni wọ́n ti ń lo oògùn ọ́lúsà. Bí wọ́n bá jẹun òde tán, tó bá di òru, inú á mú wọn lápá ọ̀tún, lábẹ́ ìhà, á gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká. Oníkẹ́míìsì á fún wọn ní oògùn funfun, á rọlẹ̀, a ó sì gbàgbé.

Èwo gan-an ni iṣẹ́ òróòro yìí? Ṣé bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ̀dá á ṣì lè jẹun? Ọkùnrin kan tún ti wá sílé wa, ó ní àgbo òun á yọ́ òkúta náà láàárín ọjọ́ méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ kó sọ.

Alápatà Sábó

Ẹ kú ọdún, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹran bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn ni mo mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kun màlúù àti àgbò ní Ṣàgámù.

Ẹnìkan kì í fa òróòro. Ẹ máa gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ di ọrùn àpò náà mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka, kí ẹ wá gbé e kúrò pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ yẹn. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ pàdánù kò tó nǹkan, ẹ fi í wé ẹran tí ẹ bá tún bà jẹ́. Bó bá sì ti bẹ́, ẹ da omi sí i lójú ẹsẹ̀, omi púpọ̀, kí ẹ gé ibi tó ti wọ̀ sọnù. Kì í ṣe májèlé. Kíkorò rẹ̀ ni wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ lára ẹ̀dọ̀, kò sí ata àti iyọ̀ tó lè bá a jà. Mo ti rí ẹni tó fi ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀ fún àna. Ẹ má jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí.

Nǹkan kan tí àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ wa kì í mọ̀: bí a bá ti yọ òróòro màlúù, a máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí a tó jù ú nù. Bí ohun líle bá wà nínú rẹ̀, inú alápatà á dùn, torí pé òkúta ni. Àwọn oníṣòwò wà tí ń rà á, tí wọ́n ń fi gíráàmù wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà. Ṣáínà ló ń lọ, wọ́n fi ń ṣe oògùn ìbílẹ̀ wọn. Ó lè tó oṣù mẹ́fà kí n tó rí ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún màmá pé ohun tó wà nínú wọn, nínú màlúù, ọrọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Bọ̀dá alápatà, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín lójú iṣẹ́. Ọmọ Ìtòrò, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ó máa gùn díẹ̀.

Àwọn kan ń pè é ní òróòro, àwọn mìíràn òróǹro, ọ̀kan náà ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì lóye ni pé wọ́n rò pé àpò yẹn ló ń ṣe omi kíkorò náà. Rárá o. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, àpò ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń ṣe tó 500 sí 1,000 mílílítà lójúmọ́, ìyẹn ìdajì lítà sí odindi lítà kan. Àpò náà sì rèé, 30 sí 50 mílílítà péré ló ń gbà, bíi ṣíbí ìjẹun ńlá méjì sí mẹ́ta.

Báwo ló ṣe wá ń gbà á? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú mọ ìdáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Bí a bá rẹ́ ẹ̀gẹ́ tán, a ó dà á sápò, a ó gbé òkúta lé e, omi á máa ro jáde, èyí tó nípọn á sì kù sínú. Bẹ́ẹ̀ ni ara àpò òróòro ṣe ń fa omi àti iyọ̀ jáde kúrò nínú èyí tó wà níbẹ̀, tí á fi ki ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tó ti ki yẹn ni ó ń tọ́jú de oúnjẹ ọlọ́ràá.

Ní ti ìrísí rẹ̀, ẹ rántí àdó àwọn olóògùn: ìdí rẹ̀ rí roboto, àárín rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Gígùn rẹ̀ kò ju ti ìka àárín lọ púpọ̀, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Abẹ́ ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún ló fara mọ́. Inú ọ̀nà ọrùn rẹ̀ kò tẹ́jú. Ara ibẹ̀ ṣẹ́ po bí ojú sukúrù. Ibẹ̀ ni òkúta fẹ́ràn láti há sí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wá rèé. Ẹni tó bá ti gba ìntaṣéńjì Ṣàgámù kọjá rí á tètè yé e. Ọ̀nà méjì ti inú ẹ̀dọ̀ wá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n di ọ̀kan. Ọ̀nà ọrùn àpò wá já sí i láti ẹ̀gbẹ́. Láti ibẹ̀, ó di títì ńlá kan ṣoṣo tó gba ẹ̀yìn orí pancreas (ẹ̀yà ara kan nínú ikùn tó ń ṣe oje tí ń da oúnjẹ) lọ sínú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ọ̀nà pancreas fúnra rẹ̀ sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ibodè. Ibodè ni mo pè é, torí pé iṣan kan wà níbẹ̀ tó ń sé e. Bí a kò bá jẹun, ibodè á wà ní títì, omi òróòro á ṣẹ́rí padà gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọ inú àpò. Bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun, ìfun á tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní CCK. Ìyẹn ló ń sọ fún àpò pé kó fún ara rẹ̀ pọ̀, tó sì ń sọ fún ibodè pé kó ṣí.

Kí wá ni omi náà ń ṣe? Ẹ fi epo pupa kan ọwọ́ kí ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́. Kò ní kúrò, àfi bí ẹ bá fi ọṣẹ sí i. Ọṣẹ inú ìfun ni òróòro. Ó ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ kí oje tó ń ti pancreas wá lè rí i jẹ. Láìsí i, ọ̀rá á kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn fítámì A, D, E àti K tó ń bá ọ̀rá wọlé kò sì ní rí ọkọ̀ wọ̀. Ó tún jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà kó ìdọ̀tí dànù, pàápàá bilirubin, ohun pupa rúsúrúsú tó ń jáde láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó. Òun ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀.

Ìjẹ̀bú gidi sì ni ẹ̀dọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí (ẹ má bínú, ọmọ Rẹ́mọ ni mí): iyọ̀ òróòro tó ná sínú ìfun, ó ń kó nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà ní ìparí ìfun kékeré, ó sì tún un ná. Kì í fi nǹkan ṣòfò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá yọ àpò, ẹ̀dọ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́. Omi náà á kàn máa kán lọ sínú ìfun díẹ̀díẹ̀ láìsí ibi ìpamọ́. Ènìyàn á jẹun.

Mo ń bọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ òkúta. Wọ́n ń pè mí ní wọ́ọ̀dù.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí há a láàárín. Mo ti sin ẹyẹlé ní Ìpẹru láti kékeré, mo sì ti pa wọn jẹ púpọ̀. Ẹ lọ wò ó, ẹyẹlé kò ní àpò òróòro. Adìyẹ ní in, pẹ́pẹ́yẹ ní in, ẹyẹlé kò ní. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ní ẹṣin náà kò ní, eku ńlá inú ilé kò ní, àmọ́ èlírí ní tirẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Òótọ́ ni bàbá. Ẹ̀dọ̀ tiwọn ń da tirẹ̀ tààrà sínú ìfun. Ẹṣin ń jẹ koríko jálẹ̀ ọjọ́, kò sí àsìkò kan pàtó tí ọ̀rá púpọ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí à ń jẹ àsè ni a nílò àpò.

EwéÀtiEgbò

Ẹ kú àjíǹde ara o. Gbogbo òyìnbó yìí kò pọn dandan. Òróró ólífì ife kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ife kan, ẹ pò ó, ẹ mu ún lálẹ́ lórí ikùn tó ṣófo, kí ẹ sì mu àgbo mi tẹ̀lé e. Láàárọ̀ ẹ ó rí àwọn òkúta aláwọ̀ ewé tó máa bá ìgbẹ́ jáde. Mo ní àwòrán àwọn tó ti yàgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó kọ sí mi lẹ́yìn.

Ọmọ Ìtòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wá sílé wa àbí? Ọkùnrin yẹn náà sọ gbólóhùn yìí gẹ́lẹ́.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Ẹ má bú u, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á gbọ́, kárí ayé sì ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Òróró púpọ̀ pẹ̀lú omi ọsàn kíkan, bó bá pàdé oje inú ìfun, á di ọṣẹ. Àwọn kókó rírọ̀, aláwọ̀ ewé, tó ń léfòó lórí omi, ọṣẹ ni wọ́n. Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọn kò rí kọlẹ́sítẹ́róòlù, irú ọ̀rá kan tó yẹ kó wà nínú òkúta, níbẹ̀. Ẹni tí kò ní òkúta kankan náà á yàgbẹ́ rẹ̀ bó bá mu ún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni èyí: mo ti sọ pé ọ̀rá ló ń mú àpò fún ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ wá da ife òróró kan sínú ẹni tí òkúta kéékèèké wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ ń fi tipátipá ti òkúta sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Oògùn òyìnbó kan wà tó ń yọ́ òkúta, ṣùgbọ́n èyí tó kéré tó sì jẹ́ ti kọlẹ́sítẹ́róòlù nìkan ló ń ràn, oṣù púpọ̀ ni ènìyàn máa lò ó, òkúta sì lè padà wá. Ẹni tó bá sọ ọjọ́ méje fún yín, ẹ béèrè síkáànù ti ọjọ́ kìn-ín-ní àti ti ọjọ́ kẹjọ lọ́wọ́ rẹ̀.

EwéÀtiEgbò

Ó dáa. Mo gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, ohun tó ṣe màmá yín ló ṣe mí. Mo fẹ́ kí ẹ ka èyí sí wọn létí.

Òru ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ni tèmi bẹ̀rẹ̀. A ti jẹ ẹran díndín, a ti jẹ mọ́ín-mọ́ín, mo tún gba ìkòkorẹ́ lé e, ẹni tó ń jẹ́ Ìjẹ̀bú kì í fojú di ìkòkorẹ́. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó dé. Kì í ṣe inú rírun lásán. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ọwọ́ lọ́ nǹkan sábẹ́ ìhà mi lápá ọ̀tún, ó gba ìbàdí lọ sókè dé abẹ́ èjìká. N kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀, mo ń yí nílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọfà ni wọ́n ta sí mi. Ní aago mẹ́ta òru, ó lọ bí ẹni pé kò wá rí. Ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Bó bá ti lọ, ẹ ó rò pé oògùn funfun oníkẹ́míìsì ló mú un lọ.

Ìgbà tí mo lọ ṣe síkáànù àkọ́kọ́, mo ti mu tíì pẹ̀lú búrẹ́dì olóbọ́tà láàárọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹni tó ń ya á ní òun kò rí àpò náà dáadáa, ó ti fún ara rẹ̀ tán. Owó mi wọ igbó. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí màmá tún un ṣe, kí wọ́n má jẹun láti òru, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, omi díẹ̀ kò burú. Àpò tó kún ni wọ́n lè rí òkúta inú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo lò, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó sọ fáìlì mi nù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ni! Nọ́ọ̀sì kan ń wo ojú mi, ó ní, “Mummy, ẹ ní síkáànù tuntun lọ́wọ́?” Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ìwé yín, ẹ fi ọ̀kan sílé, ẹ fi ọ̀kan sápò. Mo ń sọ fún yín.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, mo sùn, mo jí. Tèmi jẹ́ onílà gígùn nítorí wọn kò ní ẹ̀rọ oníkámẹ́rà níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò. Ìgbẹ́ mi rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá bí mo bá jẹ epo, lẹ́yìn náà ó gbé jẹ́ẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mò ń jẹ ìkòkorẹ́ mi. Epo tí mò ń dà sí i ló dín kù, ewùrà kò sì bínú.

Ọmọ Alárè ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Tèmi jẹ́ oníkámẹ́rà: ihò kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kan nídodo. Àárọ̀ ni mo wọlé, ìrọ̀lẹ́ ni mo ti padà sílé. Wọ́n ń fẹ́ gáàsì sínú ikùn kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé gáàsì yẹn á mú èjìká dun ènìyàn fún ọjọ́ bíi méjì. Mo rò pé wọ́n ti gé ohun tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Mo máa ń ka ìtàn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Jámánì ni méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò òróòro nínú ènìyàn, ní Berlin lọ́dún 1882. Ní 1985, Erich Mühe fi kámẹ́rà ṣe é nílẹ̀ Jámánì kan náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kà á sí nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn. Lónìí, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe.

Ìyá Aláṣọ, Ìlíṣàn

Ẹ má rò pé àgbà nìkan o. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ SS. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n rí òkúta nínú tirẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ pupa ẹlòmíràn ń gbé ara fún nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó, ti ọmọ SS kì í sábàá ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Nítorí náà, bilirubin tó ń wọ inú òróòro rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, òun ló ń di òkúta dúdú, kì í ṣe ọ̀rá. Ojú rẹ̀ ti máa ń pọ́n díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè fura. Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, bí inú rírun ọmọ yín bá wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ka ìrora egungun.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣé gan-an, ẹ ti bá mi sọ apá kan.

Òkúta ti ọ̀rá wá jẹ́ báyìí: ẹ fi iyọ̀ sínú ife omi, á yòrò. Ẹ máa fi kún un, ó máa dé ibì kan tí kò ní yòrò mọ́, á rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí kọlẹ́sítẹ́róòlù inú òróòro bá pọ̀ ju èyí tí iyọ̀ òróòro lè gbé lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí àpò bá tún ń sùn, tí kì í tú omi jáde déédéé, á dàgbà. Ó lè kéré bí iyanrìn, ó lè tó ẹyin ẹyẹlé. Obìnrin ní i ju ọkùnrin lọ, oyún ń dá kún un, ọjọ́ orí ń dá kún un, sísanra ń dá kún un. Ẹni tó bá sì pa oúnjẹ tì kó lè tètè fọn wàrà-wàrà náà ń wá a, torí àpò kò rí ìdí tí yóò fi tú.

Ọ̀pọ̀ ló ní òkúta tí wọn ò mọ̀ títí ayé. Ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í sábàá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Màmá yín yàtọ̀, tiwọn ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ padà sí ìntaṣéńjì wa. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ọrùn àpò, ó máa dunni lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá sì yí kúrò, á lọ. Bó bá há síbẹ̀, àpò á wú, ibà á dé, ìrora kò ní lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Bó bá wá bọ́ sí títì ńlá, gbogbo ọ̀nà ti dí: ojú á pọ́n bí ti ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú bí tíì, ìgbẹ́ á funfun bí amọ̀. Bó bá sì dúró sẹ́nu ibodè níbi tí pancreas ti já, ìrora á gún láti ikùn dé ẹ̀yìn, èébì kò ní dá. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí, pàápàá ojú pípọ́n pẹ̀lú ibà àti òtútù tó ń mi ènìyàn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Tísà Ìkẹ́nnẹ́

Ìbéèrè kan, nọ́ọ̀sì. Ṣé lóòótọ́ ni kòkòrò táífọ́ìdì ń sá pamọ́ sínú àpò òróòro? Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa Mary Mallon, alásè ní New York. Kò ṣàìsàn rárá, àmọ́ ilé tó bá ti dáná, táífọ́ìdì á dé ibẹ̀. Wọ́n mú un ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910, ó padà sídìí ìkòkò, wọ́n tún mú un ní 1915, ibi tí wọ́n sé e mọ́ ló kú sí ní 1938. Wọ́n ní kí àwọn yọ àpò òróòro rẹ̀, ó kọ̀.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ

Lóòótọ́ ni, tísà. Ó lè lẹ̀ mọ́ ara òkúta, kó máa gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó máa bá òróòro lọ sínú ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ń sọ fún lóṣooṣù pé “táífọ́ìdì yín tún ti gòkè” ló ní i o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oníwàràwàrà yẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni, n kò fẹ́ kí àwọn onílàábù lé mi nílùú.

Ọmọ Ìtòrò

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí lórí ìjókòó wọn. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò náà fara mọ́, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní: “Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ rí ni? Bí ènìyàn bá ń bínú, kí là ń sọ fún un? *Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro.* Ta lẹ rò pé ó la ikùn kó tó sọ ọ́?” Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn láti kékeré, n kò rò pé ibì kan pàtó ni wọ́n ń júwe.

Wọ́n ti gbà láti lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ní ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ní Ṣàgámù.

Ọmọ Ìtòrò

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà. Wọ́n ti ṣe é, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án. Oníkámẹ́rà ni. Ẹ̀dà ìwé mẹ́ta ni mo yà, Ìyá Ìbejì, wọ́n sì béèrè ọ̀kan lóòótọ́. Èjìká dun wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n má mikàn, ará Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́. Ẹ̀kọ mímu àti ẹja yíyan ni wọ́n ń jẹ báyìí, wọ́n sì ti ń béèrè ẹni tó máa rẹ́ ewùrà.

Òkúta mẹ́tàdínlógún ni. Wọ́n kó o fún wa nínú ìgò kékeré, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rí bí ẹ̀wà olóyin. Màmá gbé ìgò náà sórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àlejò ló ń wò ó. Lánàá wọ́n ní kí n bi alápatà Ṣàgámù léèrè iye tí òun máa gbà á.

Alápatà Sábó

Ẹ kú ewu o, ẹ kú orí ire. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé ti màlúù nìkan ni wọ́n ń rà. Àmọ́ bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yà ní Sábó, mo máa fún wọn ní ẹ̀dọ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi ni màá yọ òróòro rẹ̀.